Bíìṣì wo lẹ máa lọ ní Lẹ́kì àti Ajah? Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò

Tó bá ti di ọ̀sán Sánńdè, àgàgà lásìkò ọdún, ẹni tó bá dúró sí Obalende tàbí CMS kò ní í ṣàì rí wọn. Ẹ máa rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé, ọmọge tó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ìdí, bàbá tó gbé ọmọ lé èjìká, ìyá tó gbé kúlà dání pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹran díndín nínú ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń du bọ́ọ̀sì tí kọ̀ńdọ́ ń pè pé, "Jakande, Ajah wọlé o, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ, bíìṣì ni wọ́n máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé bíìṣì wo, ìjà ló máa dé. Ọkọ á ní Elegushi, ìyàwó á ní ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ ọkọ á ní kí wọ́n kúkú lọ sí Eleko, ìyàwó á bi í pé ta ló máa san owó mọ́tò. Àwọn ọmọ ò bá ẹnikẹ́ni jà ní tiwọn, yanrìn ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé, tó jẹ́ pé Sánńdè kan ṣoṣo ló rí lò fún fàájì nínú oṣù, kò yẹ kó fowó ara ẹ̀ ra ìbànújẹ́ wálé. Àwọn kan ti lọ síbẹ̀ rí tí wọ́n fìbínú padà nítorí iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́nu géètì. Àwọn kan débẹ̀, wọn ò bá bíìṣì tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ mọ́, títì ni wọ́n bá. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé èèyàn márùn-ún ni wọ́n jáde nílé, mẹ́rin ló padà.

Ẹni tí kò bá mọ apá ibẹ̀ rí, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ nìyí. Ilẹ̀ Lẹ́kì dà bí ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn láti Victoria Island títí wọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kì. Bẹ́ ẹ bá wà lójú títì márosẹ̀ Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́, tẹ́ ẹ kọjú sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ló wà lọ́wọ́ òsì yín, òkun ńlá ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, ibi yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ lọ, ọwọ́ ọ̀tún náà lẹ máa yà sí. Abúlé àwọn apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ìgbà tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe gómìnà Èkó, láàárín 1979 sí 1983, tí iṣẹ́ títì ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ni ojú ilẹ̀ náà tó là. Ibi tó ti là, kò padà sẹ́yìn mọ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Phase 1 táwọn olówó kọ́lé sí kọ́ ni ìlú Lẹ́kì gan-an. Ìlú tó ń jẹ́ Lẹ́kì jìnnà síbẹ̀ dáadáa. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà, lágbègbè ibi tí wọ́n kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi tí Ààrẹ Buhari ṣí lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sí, àti ilé ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí lóṣù karùn-ún ọdún náà. Ìlú yẹn náà nìjọba ní kí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ máa gbé lọ́dún 1962, nígbà wàhálà ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, torí ibi tó jìnnà sí ariwo ni. Lónìí, kò sóhun tó ń jẹ́ jíjìnnà sí ariwo níbẹ̀ mọ́.

Kẹ́ ẹ tó máa yan bíìṣì kankan, ẹ rántí Bar Beach ní Victoria Island. Ẹni tó bá gbé l'Ékòó láyé Gowon títí dé ayé Babangida kò lè sọ pé òun ò mọ ibẹ̀. Téèyàn bá ti lè wọ mọ́tò débẹ̀, ó parí. Ibẹ̀ làwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà pẹ̀lú àbẹ́là, ibẹ̀ làwọn ọmọ Hausa ti ń gbé èèyàn gun ẹṣin, ibẹ̀ làwọn onífọ́tò ti ń ya àwọn tọkọtaya lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yìnbọn pa ògbólógbòó adigunjalè nì, Ishola Oyenusi, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1971, tí ọ̀pọ̀ èrò sì wá wòran. Ayọ̀ àti ẹ̀rù, gbogbo ẹ̀ ló pàdé sójú yanrìn kan náà.

Bar Beach ò sí mọ́. Ohun tó pa á kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 làwọn òyìnbó to òkúta ràbàtà wọnú òkun lẹ́nu èbúté Èkó, káwọn ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé láìfara gbá yanrìn. Bẹ́ẹ̀, òkun apá ibí máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí òkúta dí i lọ́nà, yanrìn ń kóra jọ sí apá kan, apá kejì tó jẹ́ Victoria Island ò rí tuntun gbà mọ́, omi sì ń kó èyí tó wà níbẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà nìjọba da yanrìn síbẹ̀, tí omi tún kó o lọ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sójú òkun láti fi kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, wọ́n sì fi òkúta àti kọnkéré mọ ògiri sí i. Lóṣù kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí wá síbẹ̀ láti ṣe ayẹyẹ ẹ̀. Abẹ́ yanrìn yẹn ni Bar Beach wà báyìí.

Kuramo tó wà nítòsí ibẹ̀ náà lọ. Ìdájí Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, òkun ru wọ inú àwọn ilé pákó tó wà níbẹ̀, ó sì gbé àwọn tó sùn lọ. Èèyàn tó lé ní mẹ́wàá làwọn ìwé ìròyìn kọ nígbà náà pé ó bá a lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba Gómìnà Fashola palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Landmark ló wá gbòde lẹ́yìn ìyẹn, tí àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lọ síbẹ̀ nítorí oúnjẹ, orin àti iná mẹ̀rìmẹ̀rì. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹrin ọdún 2024, katakata dé ibẹ̀ náà, torí ojú ibẹ̀ ni títì etíkun láti Èkó lọ sí Calabar máa gbà. Bíìṣì mẹ́ta tó lókìkí nìyẹn, tí ogún ọdún ò tíì pé tí gbogbo wọ́n fi lọ.

Òun ló fi jẹ́ pé nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọ sí bíìṣì lónìí wò: owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn tó fẹ́ẹ́ kó lọ, àti omi fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wo méjì àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń pààyàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti apá Victoria Island. Oniru ló súnmọ́ jù fún ẹni tó ń bọ̀ láti Yaba, Surulere tàbí Mushin, ẹni tó bá lọ níbẹ̀ kò ní í bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah pàdé. Ilẹ̀ ọba Oniru ni, apá ibẹ̀ yẹn náà ni Maroko wà rí. Àwọn àgbà ò ní í gbàgbé oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun Raji Rasaki wó Maroko mọ́lẹ̀, tí èèyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 di aláìnílé. Díẹ̀ lára wọn ni wọ́n kó lọ sí Ilasan, lọ́dọ̀ọ̀ Jakande Estate. Ẹni tó bá ń gbatẹ́gùn ní Oniru lónìí, kó mọ̀ pé òkè ilé ẹlòmíì rí ló ń tẹ̀. Ìtòsí ibẹ̀ ni títì etíkun tuntun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó lọ láìpẹ́ bí nǹkan ṣe rí kẹ́ ẹ tó gbéra.

Lẹ́yìn Oniru ni Elegushi, tó wà lágbègbè Ikate, tó sì jẹ́ ti ìdílé ọba níbẹ̀. Ọba Saheed Elegushi tó wà lórí oyè ní Ikate ti ń jọba láti ọdún 2010. Òun ni bíìṣì tí orúkọ ẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ jù. Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lójú títì ní Ikate, ẹ ò ní í bèèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, orin ló máa júwe ẹ̀ fún yín. Ilé ọtí ló wà lọ́tùn-ún lósì, tí oníkálùkù ń gbé tiẹ̀ sókè, tí Fújì ń bá orin táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbọ́ du afẹ́fẹ́. Ẹ máa rí ẹja yíyan, súyà, àsun, àgbọn, ẹ sì máa rí àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń wá ẹni tó máa gun ún. Ọjọ́ Sánńdè lèrò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lẹ fẹ́ẹ́ lọ jó, tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ jẹun, tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ wòran ìran ènìyàn, Elegushi ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ kékeré lẹ kó lẹ́yìn, ẹ lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí òòrùn tó wọ̀. Èrò tó bá pọ̀ tó yẹn, ìṣẹ́jú kan ló tó fún ọmọ láti sọnù.

Kẹ́ ẹ tó dé Chevron, ẹ máa gbọ́ orúkọ Alpha Beach. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pe abúlé wọn ní Okun Alfa. Láàárín ọdún 1990 sí 2000 àti díẹ̀ lé, ibẹ̀ kì í gbẹ̀yìn nínú fàájì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbẹ̀ báyìí, kó má retí ijó. Òkun ti jẹ ibẹ̀ wọlé. Ilé, títì àti ohun amáyédẹrùn tí wọ́n ṣe fún ará ìlú ló ti bọ́ sínú omi lọ́dún dé ọdún, àwọn ará abúlé ń ṣí sẹ́yìn, omi ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń gbébẹ̀ máa ń sọ pé ìgbà tí wọ́n ti ń da yanrìn sí Eko Atlantic ni ọ̀rọ̀ náà ti burú sí i, pé omi tí wọ́n lé kúrò ní Victoria Island, ọ̀dọ̀ tiwọn ló wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti to òkúta ńláńlá wọnú òkun lápá ibẹ̀ láti fi dá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fojú ara ẹ̀ rí ohun tí òkun lè ṣe, kó yà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó má wẹ̀ o, pàápàá lẹ́bàá àwọn òkúta yẹn, torí omi máa ń yí gbirigbiri níbi tí wọ́n bá wà.

Tẹ́ ẹ bá dé Ajah, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Abraham Adesanya, ilé gbígbé tí wọ́n fi orúkọ olórí Afẹ́nifẹ́re nì pè, kẹ́ ẹ wá wọ kẹ̀kẹ́ tàbí kórópe gba ọ̀nà Ogombo lọ sí Okun Ajah. Ẹ má wá ọ̀kadà o, ìjọba ti fòfin dè é ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà láti oṣù kẹfà ọdún 2022. Okun Ajah ni bíìṣì Atican wà, ibẹ̀ sì dáa fún ẹni tó bá ń wá ìsinmi. Èrò ò pọ̀ tó ti Elegushi, ọmọdé rí àyè sáré, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé àtijọ́ sì máa ń lọ síbẹ̀ ṣe ìpàdé wọn. Ẹni tó bá tètè dé lè bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń fa àwọ̀n wá sórí yanrìn, ọkùnrin mẹ́wàá lápá kan, mẹ́wàá lápá kejì, tí wọ́n ń kọrin sí i. Ìyá tó bá mọ ọjà ná á ra ẹja tútù níbẹ̀ kó tó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtà. Àléébù ibẹ̀ ni ọ̀nà. Bí òjò bá rọ̀, omi máa ń dá dúró sójú títì kéékèèké wọ̀nyẹn. Títì etíkun náà gba apá ibẹ̀, ó sì dá ìjà ńlá sílẹ̀ lọ́dún 2024, nígbà táwọn onílé ń pariwo pé ojú ibi tí wọ́n ní kó gbà kọ́ ló ń gbà mọ́.

Eleko ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lọ síbẹ̀, kó fi odidi ọjọ́ kan sílẹ̀. Kó gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù, kó gba abẹ́ afárá Ajah kọjá Sangotedo àti Awoyaya, títí tó fi máa dé oríta Eleko, kó tó wá yà sọ́tùn-ún. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn làwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ti mọ ibẹ̀, tí wọ́n máa ń lọ sinmi nínú ahéré onímọ̀ọ̀pẹ tí wọ́n ń yá èèyàn níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Yanrìn ibẹ̀ gbòòrò, igi àgbọn pọ̀, ìró omi lẹ máa gbọ́ ju ìró ẹ̀rọ lọ. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá tẹ́nu tún lè lọ síwájú sí i dé Ikegun, níbi tí La Campagne Tropicana wà. Ọ̀gbẹ́ni Wanle Akinboboye ló dá a sílẹ̀, ó sì fi igi àti mọ̀ọ̀pẹ ṣe é bí ilé àwọn bàbá wa, pẹ̀lú òkun níwájú, adágún omi àti igbó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ máa fi ọjọ́ ọ̀pọ̀ pawó fún nìyẹn, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń ṣèèṣì yà sí.

Ẹni tí omi ń bà lẹ́rù, tó sì fẹ́ẹ́ kó ọmọ jáde, kó má ka ara ẹ̀ sí aláìlẹ́nìkan. Kó sọ̀ kalẹ̀ ní iwájú Chevron, kó lọ sí ọgbà Lekki Conservation Centre. Láti ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko ti dá ọgbà náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 78. Ọ̀bọ ń rìn kiri níbẹ̀ láìbẹ̀rù èèyàn, afárá okùn kan sì wà tó gùn ní mítà 401, èyí tí wọ́n so láàárín igi sí igi. Ẹni tó bá rìn ín dé òpin á ní ìtàn tó máa sọ níbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ fàájì. Òkun tó wà níwájú Lẹ́kì kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí táwọn èèyàn ń rí nínú fíìmù òyìnbó. Òkun Mediterranean tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní erékùṣù bíi Malta, ilẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán, omi ẹ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ kún kó tún fà. Àtìláńtíìkì ló wà níwájú Lẹ́kì ní tiẹ̀. Béèyàn bá dúró ní Elegushi tó tẹjú mọ́ gúúsù, kò sí ilẹ̀ ńlá kankan tó dínà títí dé ibi tí yìnyín wà nísàlẹ̀ ayé. Ìgbì tí ìjì gbé dìde lọ́nà jíjìn níbẹ̀ á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó wá fọ́ lu yanrìn yìí. Ilẹ̀ abẹ́ omi náà ò tún tẹ́jú. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, omi á mu yín dé orúnkún, ẹsẹ̀ kẹta, ó lè mu yín dé àyà.

Ohun tó ń gbé èèyàn lọ gan-an ni omi tó ń padà. Bí ìgbì bá fọ́ tán, omi ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sínú òkun. Nígbà mìíràn, á kóra jọ sójú kan, á wá máa sáré lọ bí odò tó ń ṣàn, ẹni tó bá bá lójú ọ̀nà, ó ń gbé e lọ sáàárín nìyẹn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè mọ ibẹ̀. Níbi tí ìgbì ti ń fọ́ yíká, ẹ máa rí ojú kan tí omi ti pa rọ́rọ́, tó dúdú díẹ̀ tàbí tó rú, tí ìfófó ń wọ́ lọ sínú. Àlejò á rò pé ibi tó pa rọ́rọ́ yẹn ló dáa láti wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí omi yìí bá mú èèyàn, kó má bá a jà láti padà tààrà, torí agbára ẹ̀ á tán. Kó máa wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń bá etíkun rìn, títí tó fi máa bọ́ kúrò lójú omi ọ̀hún, kó tó wá kọrí sílé. Ẹni tí kò lè wẹ̀, kó gbìyànjú kó léfòó, kó na ọwọ́ sókè, kó pariwo. Àwọn tó wà létí omi ò sì gbọ́dọ̀ kó wọnú ẹ̀ lọ́wọ́ lásán. Ẹ sáré pe àwọn tó ń ṣọ́ omi, kẹ́ ẹ ju nǹkan tó ń léfòó sí i, ìbáà ṣe kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí rọ́bà inú táyà.

Àwọn Yorùbá ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tó gbówọ́ nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì, tó sì ti mu ìgò ọtí mẹ́ta, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ sáré wọlé. Ẹ dá irú wọn dúró. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà òjò, ni omi máa ń bínú jù, oṣù kẹjọ kúkú ni ti Kuramo ṣẹlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àsíá pupa, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀, ẹ jókòó sórí yanrìn. Bíìṣì tí kò bá ní ẹni tó ń ṣọ́ omi, ẹ fi í ṣe ibi ìran wíwò nìkan. Ká sòótọ́, kò sí ìkankan nínú bíìṣì Lẹ́kì dé Eleko tó yẹ kí ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ wọnú omi ẹ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìwẹ̀ gan-an ló fẹ́, kó kúkú wọ ọkọ̀ ojú omi láti Victoria Island lọ sí Tarkwa Bay. Òkúta ẹnu èbúté táwọn òyìnbó tò, èyí tó ba Bar Beach jẹ́, òun náà ló ṣíji bo Tarkwa Bay tí omi ibẹ̀ fi rọ̀. Ẹ rí i pé wọ́n fún yín ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́.

Ní ti owó, iye tí wọ́n ń gbà ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì máa ń lé sí i lọ́jọ́ ọdún. Ọgbọ́n ibẹ̀ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ bèèrè iye àga kẹ́ ẹ tó jókòó, iye ẹja kó tó gun iná, iye fọ́tò kí onífọ́tò tó tẹ ẹ̀rọ ẹ̀. Ẹ bi ẹlẹ́ṣin pé ṣé iye tó pè, lílọ nìkan ni àbí lílọ àti bíbọ̀. Ẹni tó bá ti gun ẹṣin dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún kó tó béèrè, ẹsẹ̀ ló máa fi padà tàbí kó san ohun tí wọ́n bá pè. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n gbà kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé, torí ọ̀pọ̀ kúlà ló ti dúró dè àwọn tó gbé e wá lẹ́nu géètì.

Ìbéèrè tó kù lọ́kàn àwọn èèyàn ni pé bíìṣì wo ló máa kù fún ẹni tí kò lówó. Láyé Bar Beach, ẹni tó ní owó mọ́tò ti ní owó òkun. Báyìí, kẹ́ ẹ tó fojú rí ìgbì lọ́pọ̀ ibi, ẹ ti kọ́kọ́ rí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Títì etíkun tí Ààrẹ Tinubu fi lọ́lẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2024, tó sì ṣí apá kan lára ẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, apá àkọ́kọ́ ẹ̀ gùn tó kìlómítà 47, láti Victoria Island dé Eleko. Kò sí ọmọ Ajah tó jókòó sínú gò-ṣíló fún wákàtí mẹ́ta rí tó máa sọ pé òun ò fẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà táwọn òbí ń kó ọmọ gbà lọ wo òkun náà ni. Òkun ń bù lọ́wọ́ kan, títì àti ilé olówó ń bù lọ́wọ́ kejì, yanrìn tó wà láàárín ń tín-ín-rín sí i. Àwọn apẹja Okun Alfa ti sọ èyí tipẹ́, àwọn tó ń ṣe fàájì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń jiyàn ní Obalende, ẹ pín in báyìí. Ẹni tó fẹ́ ijó àti èrò, kó lọ sí Elegushi. Ẹni tó kó ẹbí lẹ́yìn tó sì fẹ́ ìfarabalẹ̀, kó lọ sí Okun Ajah. Ẹni tó ní odidi ọjọ́, kó tètè jí, kó gba Eleko lọ. Ẹni tó fẹ́ẹ́ wẹ̀, kó sọdá sí Tarkwa Bay. Ẹ má sì sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, torí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa Landmark kò bá a mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Bí òòrùn bá ti ń wọ̀, tí yanrìn ti kún bàtà, tí àwọn ọmọ ń sunkún pé àwọn ò lọ, ẹ má tíì sáré sí bọ́ọ̀sì. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ ka orí àwọn tẹ́ ẹ kó wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí iye tẹ́ ẹ kó jáde nílé bá pé, bíìṣì tẹ́ ẹ yàn dáa.